Ọ̀bọ Aránṣọ àti Ṣòkòtò Ọ̀pọ̀lọ́

Ọ̀bọ kò lè fara balẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ tán. Àléébù rẹ̀ nìyẹn, àléébù náà sì gùn ju ìrù rẹ̀ lọ. Bí ẹlòmíràn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ la ẹnu, Ọ̀bọ á ti dáhùn pé, "Mo ti mọ̀." Nígbà tó yá, orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ parẹ́; Mo-Ti-Mọ̀ ni gbogbo ẹranko ń pè é.

Ọwọ́ rẹ̀ yá nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ká má purọ́ mọ́ ọn. Ọ̀dọ̀ Ìnàkí, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, ni òun àti Ehoro ti ń kọ́ṣẹ́. Ojú Ìnàkí ti ń ṣe bàìbàì, ó sì fẹ́ fi ṣọ́ọ̀bù lé ọ̀kan nínú wọn lọ́wọ́. Ọ̀bọ a máa wo kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù tó wà lọ́rùn Ìnàkí bí ẹni ń wo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Ọ̀pọ̀lọ́, ọ̀gá ilé-ìwé, kó aṣọ wá. Ó fẹ́ fi rán ṣòkòtò tí yóò wọ̀ níbi ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Ìnàkí ti ń múra àtilọ kí ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ kú ewu.

"Mo-Ti-Mọ̀, ìwọ ni kí o rán an," ni Ìnàkí wí. "Bí èyí bá dára, a ó sọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́. Ṣùgbọ́n fi tépù wọn ọ̀gá dáadáa kí o tó—"

"Mo ti mọ̀, ìyá."

Nígbà tí Ìnàkí jáde, Ọ̀pọ̀lọ́ na apá rẹ̀ méjèèjì. "Ọmọ mi, ní ti ẹ̀yìn ṣòkòtò yìí—"

"Mo ti mọ̀, sà. Ẹ máa lọ sinmi."

Ehoro gbójú sókè níbi tó ti ń rán bọ́tìnnì. "Ẹ̀gbọ́n, bàbá ò tíì sọ̀rọ̀ tán o."

"Etí tìẹ ló gùn, kì í ṣe tèmi. Rán bọ́tìnnì ẹ."

Ara òun fúnra rẹ̀ ni Ọ̀bọ gbé aṣọ lé, ó wọ̀n ọ́n, ó gé e. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ṣòkòtò ti parí. Ó tilẹ̀ dá ihò roboto kan sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó ṣẹ́ etí ihò náà dáadáa, bí ó ti máa ń ṣe sí gbogbo ṣòkòtò ara rẹ̀.

Òwúrọ̀ ìgbéyàwó gan-an ni Ọ̀pọ̀lọ́ tó ráyè gbà á. Ó kánjú wọ̀ ọ́, ó ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò náà sókè nítorí pé ó gùn jù, ó jáde. Nígbà tó dìde láti ṣàdúrà fún ìyàwó àti ọkọ, atẹ́gùn gba ẹ̀yìn wọlé sí i lára.

"Bàbá àgbà," ni ọmọ-ọmọ rẹ̀ kan pè é, "pátá yín ń kí wa."

Ẹ̀rín gba gbogbo ilé. Ọ̀pọ̀lọ́ fi àwo pẹrẹsẹ kan bo ẹ̀yìn, ó fi ẹ̀yìn rìn jáde.

Lọ́jọ́ kejì, ó tẹ́ ṣòkòtò náà síwájú Ìnàkí. "Ìyá aránṣọ, níbo ni kí n ti rí ìrù tí màá fi dí ihò yìí?"

Ìnàkí fi ìka gba inú ihò náà jáde. Kò pariwo. Ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọ̀pọ̀lọ́, ó pe àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ méjèèjì, ó sì bọ́ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn.

"Kọ́kọ́rọ́ yìí, mo ti pinnu pé—"

"Mo ti mọ̀, ìyá," ni Ọ̀bọ wí, ó ti na ọwọ́. "Ẹ ó bá mi wí, lẹ́yìn náà ẹ ó fún mi."

Ìnàkí kọjú sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ó so kọ́kọ́rọ́ náà mọ́ ọrùn Ehoro.

Láti ọjọ́ náà, Ehoro ni ọ̀gá. Ọ̀bọ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan àlùmọ́gàjí tí wọ́n fi ń gé aṣọ àfi bó bá kọ́kọ́ tún gbogbo ohun tí oníbàárà sọ sọ, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, sí etí Ehoro méjèèjì.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀kọ́ inú ìtàn yìí ni pé kí ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀ sọ ọ́ tán. Kì í ṣe ohun tó bá yín lára mu ló máa bá gbogbo ènìyàn mu. Ẹni tó bá ń sọ pé òun ti mọ̀ kí ó tó gbọ́, ọ̀rọ̀ tó ṣẹ́kù tí kò dúró gbọ́ yẹn gan-an ni yóò dójú tì í.