Ohun Tó Ń Fa Ewúrẹ́

Àlọ́ mi já wéré, ó já lu Ewúrẹ́ tó já okùn. Olówó rẹ̀ ló gbé e fún ọ̀rẹ́ kan sìn. Nígbà tí àwọn méjèèjì pín ọmọ rẹ̀, ọ̀kan bọ́ sọ́wọ́ olówó ní òdìkejì odò, wọn ò sì bi ìyá léèrè.

Labalábá pàdé rẹ̀ ní oríta. "Ìyá, ẹ má jẹ́ kí ohunkóhun fà yín mọ́! Ṣé ẹ rí mi? Kò sóhun tó ń darí mi."

Ewúrẹ́ tẹ̀ lé e síbi tí afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ, ó ń kọrin, Labalábá sì ń dá a lóhùn:

"Labalábá, níbo là ń lọ?"
"Mi ò mọ̀, fẹ́rẹ́fẹ́!"
"Ta ló yan ọ̀nà yìí?"
"Kì í ṣe èmi, fẹ́rẹ́fẹ́!"

Ewúrẹ́ dúró. Ọmú ń ro ó. Ó kọjú sódò.

"Háà! Wọ́n tún ti ń fà yín!"

"Ọmọ mi ni, àbúrò. Èmi ni mo sì fẹ́ lọ."

Òun tí í sá fún òjò bá ki ẹsẹ̀ bọ omi.