Ẹ̀rọ Géèmù Tó Máa Ń Gbóná

Bí Nọ́ọ̀sì ṣe ti ibi iṣẹ́ wọlé, ó gbé ẹ̀yìn ọwọ́ lé ẹ̀rọ géèmù bí ẹni tó ń wò ó bóyá ara ọmọ gbóná.

Ó gbóná janjan.

"Mọ́mì, mi ò fọwọ́ kàn án," ni ọmọ rẹ̀ wí. Aṣọ iléèwé ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì nà án. Ẹ̀ẹ̀kejì lọ́sẹ̀ yìí nìyẹn.

Nígbà tí bàbá ọmọ dé, ó ní, "Fi í sílẹ̀, ọmọdé ni." Kò wojú ẹnikẹ́ni.

Ní Sátidé, Nọ́ọ̀sì gbé ẹ̀rọ náà lọ sọ́dọ̀ ẹni tó máa tún un ṣe. Ọkùnrin náà tú u, ó gbọn eruku tó ti dì bí òwú kúrò lára fáànù. Ó tàn án, ó wo àkọsílẹ̀ inú rẹ̀.

"Mà, ẹ jẹ́ kó máa sinmi. Ó ti pé oṣù mẹ́ta tí wọ́n ti ń tàn án láago mẹ́jọ àárọ̀, tí wọ́n ń pa á láago mẹ́rin. Sátidé àti Sọ́ńdè nìkan ló ń sinmi."

Nọ́ọ̀sì sanwó, ó gbé ẹ̀rọ náà padà sílé.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, ọmọ ti lọ síléèwé. Ọkọ Nọ́ọ̀sì so táì, ó gbé báàgì ọ́fíìsì.

"Mò ń lọ síbi iṣẹ́."

"Dádì, ẹ má wulẹ̀ jáde kẹ́ ẹ tún yí padà. Wọ́n ti bá yín gbọn eruku géèmù yẹn. Ẹ jókòó. Tọ́mọ yẹn bá dé, àwa méjèèjì la máa bẹ̀ ẹ́."