Ta Ló De Wáyà Yìí?

Oṣù mẹ́rin gbáko ni ìyàwó Ọ̀gá Iná fi bẹ ọkọ rẹ̀ pé kó bá òun wo ọkọ̀ òun. Iná iwájú ń ṣẹ́jú, kó tó sitáátì láàárọ̀ wàhálà ni, epo tó sì ń mu kọjá àfẹnusọ. Èsì kan náà ni ọkọ rẹ̀ ń fún un: "Lọ́la." Bẹ́ẹ̀ sì rèé, rewáyà ni ọkọ yìí, wáyà inú ọkọ̀ ló fi ń jẹun. Ọkọ̀ àwọn ará àdúgbò ń tò sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ti ìyàwó rẹ̀ nìkan ni kì í kàn.

Nígbà tó yá, obìnrin náà kò bẹ̀ ẹ́ mọ́. Ọ̀gá Iná kò tiẹ̀ fura, àfi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí ìyàwó rẹ̀ wọlé tó ń kọrin.

"Bàbá wọn, ọkọ̀ mi ti yá o. Epo tó ń gbé mi fún ọjọ́ márùn-ún, òní ló pé ọjọ́ keje, kò tíì tán."

"Ta ló tún un ṣe?"

"Ẹnì kan tó mọṣẹ́ ni."

Ọ̀gá Iná rẹ́rìn-ín, àmọ́ eyín ni ẹ̀rín náà mọ. Bí obìnrin náà ṣe wọ ilé ìwẹ̀, ó jáde, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Wọ́n ti yọ wáyà ẹ́ẹ̀tì àtijọ́, èyí tó so bátìrì mọ́ irin ara ọkọ̀, tó ti tín-ín-rín bí okùn bàtà. Márùn-ún tó ki pọ́pọ́ ló wà níbẹ̀ báyìí: òmíràn lọ sí ara ọkọ̀, òmíràn sí ẹ́ńjìnnì, òmíràn sí ìdí gíà. Wọ́n ti ha ọ̀dà kúrò níbi tí wáyà fara kan irin títí ibẹ̀ fi ń dán. Wọ́n fi gíríìsì pa á. Ó fọwọ́ kan téèpù tí wọ́n fi dì í. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n yí i, wọ́n sì ki ìrù rẹ̀ sábẹ́. Kò sí ẹlòmíràn tó ń de wáyà báyìí ní gbogbo àdúgbò. Bí òun ṣe ń dè é gan-an nìyí.

Afínjú ló kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Rewáyà ni Afínjú náà, ìsàlẹ̀ títì ni ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ wà, ó máa ń fi lọ́fínńdà síṣẹ́. Ó ti tó ọdún méjì tí àwọn méjèèjì ti ń yan ara wọn lódì. Ta ló wá kọ́ Afínjú bí òun ṣe ń de wáyà? Nígbà tí òun àti ìyàwó òun ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, ọdún mẹ́ta ni obìnrin náà fi bá a mú tọ́ọ̀ṣì nídìí ọkọ̀ àwọn oníbàárà. Kò sí àṣírí iṣẹ́ rẹ̀ tí obìnrin náà kò mọ̀. Ó wá rántí pé obìnrin náà ti bi òun léèrè nídìí oúnjẹ pé ṣé dandan ni kéèyàn ha ọ̀dà kúrò kó tó de ẹ́ẹ̀tì. Òun sì dá a lóhùn láìgbójú sókè.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń ṣọ́ ìyàwó rẹ̀. Ó rí i pé ó fi aṣọ di àtàǹpàkò. Ó gbọ́ òórùn ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì lára ìró rẹ̀. Nígbà tó sì wá aṣọ iṣẹ́ búlúù rẹ̀ àtijọ́ dé ibi ìṣó tó máa ń fi í kọ́, kò bá a níbẹ̀. Obìnrin yìí ti kó aṣọ òun fún ọkùnrin!

"Ẹni tó tún ọkọ̀ rẹ ṣe yẹn," ó ní, "ṣé mo mọ̀ ọ́n?"

"Ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa. Ẹ kàn kì í wojú rẹ̀ mọ́ ni."

"Níbo ló ti ṣe é?"

"Ilé níbí náà ni. Ẹ ti lọ síbi iṣẹ́."

Ojú rẹ̀ kò rí oorun. Owú jíjẹ gba ọkàn rẹ̀ kan, kò sì ní ẹni tó lè sọ ọ́ fún.

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, ìyàwó rẹ̀ ń sá aṣọ lẹ́yìnkùlé. Ọ̀gá Iná mú páláyà, ó gé wáyà márààrún. Ó wọlé, ó di ẹrù ara rẹ̀ sínú báàgì, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà. Bí Afínjú bá fi lè ti ẹnu géètì yẹn wọlé pẹ́nrẹ́n, òun ń lọ nìyẹn, ó parí. Ó gbé àga síta, ó kọjú sí géètì.

Obìnrin náà wọ ọkọ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́. Kò dún. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó wo ẹnu àwọn wáyà náà títí. Ó wo páláyà tó yọrí nínú àpò ọkọ rẹ̀.

"Pè é," ni Ọ̀gá Iná wí. "Pe ẹni tó mọṣẹ́ yẹn, kó wá tún un ṣe lójú mi."

Obìnrin náà wo báàgì tó wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Ṣé ẹ fẹ́ rí i lóòótọ́?"

"Mo fẹ́ rí i."

"Ó ń bọ̀," ni ìyàwó rẹ̀ wí, ó sì wọlé lọ.

Ọ̀gá Iná tẹjú mọ́ géètì. Kò pẹ́ tó fi rí Afínjú tó ń bọ̀ ní títì, àpótí irinṣẹ́ lọ́wọ́. Ó dìde. Afínjú dé iwájú géètì, ó kọjá, kò tiẹ̀ yíjú. Ọ̀gá Iná tún jókòó.

Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ilẹ̀kùn ti ṣí, tí ìyàwó rẹ̀ jáde nínú aṣọ iṣẹ́ búlúù tó sọnù yẹn, tó ká ẹsẹ̀ aṣọ náà sókè nítorí pé ó gùn jù ú, ìdì wáyà tuntun léjìká, ó gba ẹ̀gbẹ́ báàgì náà kọjá láìwò ó, ó na tọ́ọ̀ṣì sí ọkọ rẹ̀, ó ní, "Bàbá wọn, ẹ wá bá mi mú un."