Ìlẹ̀kẹ̀ Ìbídùn

Kò sí ẹni tó ń wọ Odòlá, olú-ìlú ọba, tí ibodè kì í kì. Ibodè á wo ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn onítọ̀hún, á sì ki oríkì rẹ̀ láti ayé ọba àkọ́kọ́ títí dé oore tó ṣe kẹ́yìn.

Ti Àwẹ̀ró kì í gùn. Kó tó gbé ẹsẹ̀ kejì, ibodè ti dákẹ́. Àmọ́ bí Ìbídùn aládùúgbò rẹ̀ bá dé, àwọn ọkọ̀ tó ń fò pàápàá á dúró lókè láti gbọ́. Ojú a máa ta Àwẹ̀ró bí ẹni tí wọ́n fi ata sí i lójú.

"Kí ló tilẹ̀ fi jù mí lọ?"

Lọ́jọ́ kan, Ìbídùn fi ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ kọ́ okùn aṣọ, ó wọlé lọ wẹ̀. Àwẹ̀ró mú un, ó fi sọ́rùn, ó kọrí sí ibodè.

Ibodè gbóhùn sókè. Ó ki àwọn baba ńlá Ìbídùn tí wọ́n bá ọba tẹ ìlú dó. Àwẹ̀ró ń yan, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn, títí oríkì fi dé ìparí:

"Ìbídùn tó fún ọmọ Àwẹ̀ró lọ́mú nígbà tí àìsàn dá ìyá rẹ̀ dùbúlẹ̀, tí kò jẹ́ kí ìyá ọmọ mọ̀."

Wàrà ewúrẹ́ ni Ìbídùn sọ fún un pé ọmọ náà mu.

Bàbá aṣọ́bodè ṣí fìlà fún un.

"Ẹ kú oore, màmá. Àwẹ̀ró yẹn, ṣé ó tiẹ̀ mọ oore?"