Omi Iyùn

Ẹ̀rọ ìsẹ́ omi méjì ni Ọ̀gbẹ́ni Adégorúsì, òṣìṣẹ́ ìjọba, gbé ka orí tábìlì mi láàárọ̀ yìí. Ti tẹ́lẹ̀ tó ń sẹ́ omi fún iyùn ààyè inú àpótí dígí wa ti gbó. Gbogbo ilé ló ń sin iyùn báyìí, torí kò sí nínú òkun mọ́. Ẹni tó bá sì mu omi rẹ̀, ẹ̀wọ̀n ni.

"Èyí máa ń da garawa mẹ́ta nù kó tó rí ẹyọ kan sẹ́," ló wí. "Ìkejì, ẹyọ kan péré ló ń dànù."

"Ẹ fún mi ní onímẹ́ta." Ìdànù yẹn làwa ń mu; bó bá ṣe pọ̀ tó ni omi wa ṣe ń pọ̀ tó. Síbẹ̀, ó ti sú mi.

Ìyá ọkọ mi, tí kì í jẹ́ kí àlejò jókòó láìfún un lómi, gbé ife wọlé. Ọkùnrin náà mu ún dé ìdajì, ó dúró.

"Màmá, níbo lẹ ti bu omi yìí?"

"Nínú garawa iyùn, a ò tíì fi iyọ̀ sí i. Ṣé ìdànù ni kí n fún àlejò ni?"

Ọkùnrin náà mú kálàmù, ó tún fi í sílẹ̀. Ó mu ìyókù tán, ó na ife sí Màmá.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ó kù?"