Bọ́tìnnì Tó Gbẹ̀yìn

Bí aago méjìlá ọ̀sán bá ti lù, àtẹ̀jíṣẹ́ Marufat á wọlé sórí fóònù ọkọ rẹ̀, láti orí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì rẹ̀ ní Ọ̀yọ́.

"Olówó orí mi, ẹ kú iṣẹ́. Àárò yín ń sọ mí. Ẹ jẹun o."

Saifudeen á kà á lẹ́ẹ̀mẹta ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ọjà Igbó, ara rẹ̀ á yá gágá bí ọkọ tuntun.

Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ṣe kíbọ́ọ̀dù tí Marufat ń lò. Òun ló jó gbogbo wáyà rẹ̀ pọ̀. Òun náà ló kọ́ ọ bó ṣe lè ṣètò bọ́tìnnì kan kó máa tẹ odindi gbólóhùn, kí lẹ́tà ọ́fíìsì lè yá.

Lọ́jọ́ Sátidé, Marufat gbé e wálé.

"Bàbá Àlíà, ẹ bá mi wò ó. Bọ́tìnnì kan ò ṣiṣẹ́ mọ́."

Saifudeen so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, ó fẹ́ fláàṣì ẹ̀, kó tún ètò inú rẹ̀ kọ. Ó kọ́kọ́ wo ohun tó wà lórí bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan.

Ó dé orí èyí tó gbẹ̀yìn. Ó kà á: "Olówó orí mi, ẹ kú iṣẹ́..."

"Ṣé ó le ni?" Marufat bèèrè láti kíṣìnnì.

"Rárá. Ó kù díẹ̀."

Ó pa ohun tó bá níbẹ̀ rẹ́, ó fi òmíràn sí i, ó fláàṣì ẹ̀, ó sì gbé e fún un.

Ọjọ́ Ajé dé. Aago méjìlá ku ìṣẹ́jú kan. Saifudeen ń bẹ Ọlọ́hun kí fóònù má dún.

Ó dún.

"Ọkọ mi, bọ́tìnnì kan ṣoṣo ni mo fi ń kí yín lójoojúmọ́. N kì í tilẹ̀ kà á kí n tó fi ránṣẹ́."

Saifudeen kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sórí bọ́tìnnì náà lọ́jọ́ Sátidé.