Dáramọ́lá àti Ènì Ẹ̀wà

Dáramọ́lá kò ka ẹ̀kọ́ kankan sí àyàfi èyí tó bá lówó nínú. Àbùkù kan tó ní nìyẹn, torí kì í jalè, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Ìmọ̀ okòwò ló ń kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Agbowó, ẹ̀wà tí ìyá rẹ̀ ń tà lọ́jà Bódìjà ni wọ́n sì fi ń rán an lọ.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì náà pa á láṣẹ pé ẹni tó ń kọ́ okòwò gbọ́dọ̀ kọ́ ìtàn àti àṣà mọ́ ọn. Inú bí Dáramọ́lá.

"Mark, bá mi kọ orúkọ mi sínú ìwé àwọn tó wá sí kíláàsì," ló ń wí fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. "Ṣé ìtàn ni màá dì sínú àpò tà?"

Dókítà Akínsànyà tó ń kọ́ wọn ní àṣà pè é lọ́jọ́ kan. "Ọmọ mi, ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Èèyàn lo máa tajà fún."

"Ẹ ṣeun, sà," ni Dáramọ́lá wí. Kò padà síbẹ̀ mọ́.

Nígbà tó jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ẹsẹ̀ ti ń dun ìyá rẹ̀, ló bá fa ìsọ̀ lé e lọ́wọ́. Kò pẹ́ tó fi ṣírò rẹ̀ pé ìkúnwọ́ ẹ̀wà tí ìyá òun ń fi ṣe ènì lórí kóńgò kọ̀ọ̀kan ń gbé odidi àpò kan lọ lóṣù. Ó fòpin sí ènì.

Màmá Tiwátọ́pẹ́, tíṣà tó ti ń rajà lọ́wọ́ wọn tipẹ́, na ọ̀rá rẹ̀ síwájú.

"Ó ti kún, Mà."

"Mo rí i. Ènì mi ńkọ́?"

"A ò ṣe ìyẹn mọ́, Mà. Àdánù ni."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ìwé tí o kà yìí, ṣé òun ló ká ọ lọ́wọ́ kò báyìí?"

Ó sanwó, ó lọ. Ìsọ̀ Fọláyọ̀ tó ń ta ẹ̀wà lódìkejì ló yà sí nígbà tó tún fẹ́ ra ẹ̀wà, àwọn tíṣà ẹgbẹ́ rẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Dáramọ́lá dín owó ọjà kù, wọn ò wá. Kòkòrò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ̀wà nínú àpò.

Ìyá rẹ̀ tiro wá sọ́jà. "Dáramọ́lá, ìkúnwọ́ yẹn ni mo fi ń bá wọn ṣọ̀rẹ́. Nígbà tí mo bí ẹ, àwọn ló gbé oúnjẹ wá. Wọn ò kọ́ yín nílé ìwé ni?"

Wọ́n kọ́ wọn. Orúkọ tí Mark kọ ló jókòó ní kíláàsì lọ́jọ́ náà.

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Kí ọdún tó parí, wọn ò rí owó ìsọ̀ san mọ́, ó sì ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ìyá tó yẹ kó sinmi wá ń kiri ẹ̀wà ní Òjòó lórí ẹsẹ̀ tó ń dùn ún, Dáramọ́lá ń ru ẹrù tẹ̀ lé e, kò lè wo ojú rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, àti àwa tí à ń rán ọmọ nílé ìwé, ẹ jẹ́ ká fi èyí kọ́gbọ́n. Ẹ̀kọ́ okòwò dára, kí ọmọ kọ́ ọ dáadáa. Ṣùgbọ́n kó kọ́ ìtàn àti àṣà mọ́ ọn, kó lè mọ irú èèyàn tí òun ń tajà fún. Ọmọ tó bá ta ẹ̀kọ́ nù, ìyà rẹ̀ kì í mọ sọ́dọ̀ òun nìkan. Ó máa ń dé ọ̀dọ̀ ìyá tó rán an lọ.